Ẹyin Kan, Ìṣọ́ Méjì

Aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá. Yìnyín ń bọ́ sórí Sẹ́ńtì Lúìsì
bí ìhùùhù tí ẹnì kan ń tu lókè ọ̀run.
Mo gbọn bàtà mi, mo ṣílẹ̀kùn ilé ẹyẹ:
ooru pàdé mi lójú, ooru erékùṣù
tí wọ́n fi wáyà iná sè.

Ó wà níbẹ̀. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ.
Orí rẹ̀ pọ́n bí ẹni fi osùn kùn ún,
ẹ̀yìn rẹ̀ tutù bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀,
ikùn rẹ̀ bí ìbẹ́pẹ tí a là.

Ẹ má pè é ní ẹyẹlé ìgboro.
Àwọn yẹn wà níta, lábẹ́ afárá,
wọ́n ń ṣa èérún búrẹ́dì, wọn ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè.
Eléyìí, orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé:
nọ́ńbà, ọdún, bàbá, ìyá,
bí orúkọ ọmọ ọba,
tàbí bí orúkọ ẹrú nínú ìwé ọkọ̀.
N kò tíì mọ èyí tí í ṣe.

Lọ́sàn-án, akọ ni í sàba.
Bí ilẹ̀ bá ṣú, á dìde, á na ẹsẹ̀, abo á gba ipò.
Èmi àti Ìbídùnní náà nìyẹn:
òun lọ́sàn-án, nílé àwọn arúgbó lódìkejì odò,
èmi lóru, níhìn-ín,
ọmọ kan láàárín wa tí à ń gbé fún ara wa lẹ́nu ọ̀nà
pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.
Ẹyin kan ṣoṣo. Ẹyẹ yìí kì í yé méjì.

Lóṣù tó kọjá, lọ́jọ́ tí mo bá ẹlòmíì pààrọ̀ iṣẹ́,
màmá kan wá, Ìyá Táítánò, tó fọ̀pá rìn,
tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Gúàmù ni wọ́n bí i sí.
Ó dúró níwájú gíláàsì, ó pe ẹyẹ náà
ní èdè tirẹ̀: Tótòt.
Lẹ́ẹ̀kan péré. Bí ẹni ń jí ọmọ tó sùn.

Ó ní lẹ́yìn ogun, ejò kan bá ẹrù ọkọ̀ òkun dé.
Kò sẹ́ni tó rí i. Ó gun igi.
Ó jẹ ẹyin, ó jẹ ọmọ, ó jẹ ìyá,
títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí òun jí
tí igbó dákẹ́.
Ó bi mí bóyá aláǹtakùn pọ̀ níbí. Mo ní rárá.
Ó ní, “Ní tiwa, àwọn ló jogún ojú ọ̀nà.”

Bàbá mi sin ẹyẹlé ní Ìgànná.
Ó máa ń wí pé ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ,
kó bá onílé mu, kó wá yẹrí lọ́jọ́ ìṣòro.
Bàbá, ẹyẹ kò yẹrí.
Onílé ló ṣílẹ̀kùn fún ejò.

Aago mẹ́ta. Mo kọ ìwọ̀n ooru sílẹ̀.
Ọ̀pọ̀tọ́ tí mo gé sínú abọ́, ó ti jẹ méjì,
ó ta ìyókù dànù. Ó níwà. Mo fẹ́ràn ìyẹn.
Kò rí òkun rí. Ìyá rẹ̀ kò rí òkun.
Ìyá ìyá rẹ̀ ni wọ́n fi àpótí gbé gba ojú ọ̀run kọjá.
Ọmọ tèmi náà ya Odò Ògùn nílé ìwé, ó kùn ún ní búlúù.
N kò sọ fún un pé pupa lomi náà ń ṣàn nígbà òjò.

Ilẹ̀ fẹ́ẹ́ mọ́. Abo yí ara padà.
Mo rí ẹyin náà fìrí, funfun, kékeré,
kí ìyẹ́ tó tún bò ó.
Fóònù mi gbọ̀n lápò. Ìbídùnní ni:
“Ẹyin ńkọ́?”
Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ kan, mo tẹ̀ ẹ́ padà:
“Ó ṣì wà. A ṣì wà lórí rẹ̀.
Má tíì jí ọmọ. Mo ń bọ̀.”